Ẹja jẹrà sínú fíríìsà mi, òórùn ẹ̀ ò lọ, ẹ gbà mí o

Ìyá Ìbejì:
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. A lọ sìnkú ìyá ọkọ mi ní Iléṣà, ọjọ́ 9 la lò, àṣé ọjọ́ kejì tá a kúrò nílé niná ti lọ, kò sì sẹ́ni tó pè wá. Ìdajì páálí kótè àti ṣàkì ló wà nínú fíríìsà. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn pálọ̀ báyìí lòórùn ti pàdé mi, ìgbà tí mo wá ṣí fíríìsà gan-an, ìdin ń rìn lára ìdérí, omi pupa dúró sísàlẹ̀ ó ń yọ̀, tí n bá gbé ẹja ó ń já sí mi lọ́wọ́. Mo bì.

Mo ti kó gbogbo ẹ̀ dànù, mo fọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́, mo tún fín lọ́fíńdà sí i, òórùn méjì ló wá dà. Fíríìsà yìí ni mo fi ń ta omi tútù àti sóbò, òun ni mo fi ń sanwó ilé ìwé àwọn ọmọ. Lánàá oníbàárà kan fẹnu kan omi, ó tu ú dànù, ó ní ó ń rùn bí ẹja. Ojú tì mí gan-an. Ọkọ mi ní ká tà á fáwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo lè ṣe?

Màmá Ẹlẹ́ja:
Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún màmá. Má tíì tà á o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta ẹja tútù, lọ́fíńdà ò ràn án, ohun tó kan ló ràn án. Ọwọ́ tí mo fi ń gé ẹja látàárọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ kí n tó gbé ọmọ-ọmọ mi. Fún bíi 20 sínú omi, fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ gbogbo ara ẹ̀, jẹ́ kó wà níbẹ̀ bíi wákàtí kan kó o tó ṣan án.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ ni Màmá sọ, ohun tó ń mú ẹja rùn yẹn, trimethylamine, ohun tó kan ló ń pa á. Àmọ́ Ìyá Ìbejì ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan bílíìṣì yẹn kúrò pátápátá. Tí bílíìṣì bá pàdé ọsàn tàbí fínígà, gáàsì chlorine ló máa yọ, ó máa ń ta ojú, kì í jẹ́ kéèyàn lè mí dáadáa, àwọn ìbejì sì wà nílé.

Ìyá Wálé:
Èmi káńfọ̀ 4 ni mo máa ń jù sínú tèmi, ó máa ń gbé òórùn lọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó o kúrò níbi oúnjẹ lónìí. Naphthalene ni èyí tó pọ̀ lọ́jà, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò ní G6PD (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) tó, ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò sì ṣọ̀wọ́n níbí.

Bọ̀dá Onífíríìjì:
Ìyá Ìbejì ẹ kú wàhálà. Ibi tójú rí lẹ fọ̀, omi ẹja yẹn ò dúró síbi tójú rí. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹ fìka ṣí rọ́bà tó yí ẹnu ìdérí ká, inú ìpẹ́pẹ́ ẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń há sí. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ inú ẹ̀, ihò kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n dé lẹ́nu, ibẹ̀ lomi yìnyín ń gbà jáde. Ẹ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì (kì í ṣe bákín páúdà o), ṣíbí ọbẹ̀ 2 sí lítà omi gbígbóná 1, ẹ fi fọ rọ́bà yẹn, ẹ dà á sínú ihò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò gún un. Ẹ wá ṣí i sílẹ̀ síta fún ọjọ́ 2, lẹ́yìn náà ẹ fọ́ èédú tí ò tíì jó sínú tíréè, ẹ gbé e sínú ẹ̀, ẹ dé e. Tó bá jẹ́ pé omi ti ráyè wọ fóòmù inú ògiri ẹ̀ nìkan ni kò ní í lọ mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀gbọ́n!!! Mo ṣí ihò yẹn, nǹkan dúdú tó ń yọ̀ bí ilá ló jáde, òórùn tó jáde níbẹ̀ lé gbogbo wa síta. Mi ò mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ láti ọdún 4 tí mo ti ń lò ó.

Màmá Ẹlẹ́ja:
Ṣé ẹ rí i. Báwo ló ṣe rí báyìí?

Ìyá Ìbejì:
Màmá, ọjọ́ kẹfà rèé. Mo gbé ife omi kan sínú ẹ̀ mọ́jú láìdé e, láàárọ̀ yìí ọkọ mi ló mu ún, mi ò sọ nǹkan kan fún un, ó ní omi ni. Mo sunkún. Ó ku díẹ̀ ní igun rọ́bà lápá ọ̀tún, tí mo bá gbé imú sún mọ́ ọn ni mo tó ń gbọ́ ọ, mo ti pe ẹni tó máa wá pààrọ̀ rọ́bà náà lọ́la, kó tó ṣe mi ò tíì ta omi fẹ́nì kankan.