Irú kẹ̀kẹ́ tó bá ilẹ̀ mu: láti orí òkè Sheffield dé ọ̀nà oko Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ní Sheffield

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ọmọ Ẹ̀pẹ́ lókè òkun, mo kí yín o. Mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tí wọ́n ń pè ní mountain bike, tí màá máa gùn ní òpin ọ̀sẹ̀ lórí àwọn òkè tó yí Sheffield ká. Mo tún fẹ́ fi òmíràn ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ti Poka lọ sí oko wa lápá Ìlárá lójoojúmọ́. Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù fi èyí tó ní ṣọ́kù níwájú àti lẹ́yìn hàn mí, ó ní kò sí ibi tí kò lè dé. Owó rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ṣé kí n ra méjì irú rẹ̀, kí n lo ọ̀kan níhìn-ín, kí n sì fi ìkejì ránṣẹ́ sílé? Ẹ̀yin tí ẹ ti ń gùn ún tipẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Leeds

Àbúrò mi, o kú ìnáwó, o sì kú àníyàn ará ilé. Má ra méjì irú kan náà. Kẹ̀kẹ́ tó bá òkè Sheffield mu kò lè pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ọ̀nà Poka, nítorí pé ilẹ̀ tí táyà ń tẹ̀ ló ń sọ irú kẹ̀kẹ́ tó yẹ kí ènìyàn rà. Kí o tó padà sí ṣọ́ọ̀bù náà, fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí o fẹ́ máa gùn, kí o wò ó bóyá òkúta ló pọ̀ níbẹ̀ tàbí gbòǹgbò, bóyá ó tẹ́jú tàbí ó dà gẹ̀rẹ́, kí o sì wo ohun tí omi ń ṣe sí i lẹ́yìn òjò.

Àwọn ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ eré yìí lórí òkè Tamalpais ní California, ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1979, kò ní ṣọ́kù kankan lára kẹ̀kẹ́ wọn. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ onírin wíwúwo, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, ni wọ́n ń gùn sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku, bíréèkì ẹ̀yìn a sì máa gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á ti jó dànù kí wọ́n tó délẹ̀. Ṣọ́kù iwájú kò wọ́pọ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1990. Mo ń sọ èyí kí o lè mọ̀ pé táyà fífẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ kẹ̀kẹ́ di ohun tó lè gba ọ̀nà tí kò dára, òun náà ló sì yẹ kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò títí di òní.

Ní ti ṣọ́kù, bí ó ṣe lè wọlé tó ni wọ́n fi ń pín kẹ̀kẹ́ sí ọ̀wọ́. Èyí tó ń wọlé ní mìlímítà 100 sí 120 wà fún ẹni tó ń lọ jìnnà lórí ilẹ̀ tí kò le púpọ̀. 120 sí 150 wà fún ọ̀nà igbó tó ní òkè àti gẹ̀rẹ́. 150 sí 170 wà fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín àpáta. Èyí tó tó 200 sì wà fún àwọn tí ọkọ̀ ń gbé gòkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Bí ìwọ̀n yìí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kẹ̀kẹ́ ń wúwo sí i, tí òkè gígùn ń ṣòro sí i, tí owó àtúnṣe náà sì ń ga sí i. Ó yẹ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti sọ èyí fún ọ.

Ní apá Peak District tó wà nítòsí rẹ, òkúta líle oníyanrìn ló pọ̀. Àwọn ọ̀nà tí wọ́n là fún kẹ̀kẹ́ ní Lady Cannings, lẹ́bàá Ringinglow, kò béèrè ju kẹ̀kẹ́ tí ṣọ́kù rẹ̀ wà níwájú nìkan lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o wá èyí tí ṣọ́kù rẹ̀ ń wọlé ní mìlímítà 120 sí 140, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 29, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 2.4, tí bíréèkì rẹ̀ sì jẹ́ olómi, nítorí pé ìka kan péré tó láti fi tẹ bíréèkì olómi, ìyẹn sì ṣe pàtàkì nígbà tí òtútù bá ti mú ọwọ́ kú. Bí o bá ti gùn ún pẹ́, tí o sì rí i pé ibi tí àpáta ti ṣe bí àtẹ̀gùn ni ọkàn rẹ ń fà sí, nígbà náà ni kí o tó ro ti ṣọ́kù ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ ilẹ̀ yìí a máa wọ inú àwọn bíárìn tó wà ní oríkèé rẹ̀, wọn kì í sì í pààrọ̀ wọn lówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ òfin náà wà níbẹ̀. Ní England àti Wales, má gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n kọ public footpath sí, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ bridleway sí, ìyẹn ọ̀nà ẹlẹ́ṣin, ni òfin Countryside Act ti ọdún 1968 gbà wá láàyè láti lò, a sì gbọ́dọ̀ yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin.

Ó wá ku ti Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń fi ohun tó wuni lójú níhìn-ín ránṣẹ́ sílé, tí kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e ti ògiri.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ àpáta. Iyanrìn ló pọ̀ láti etí ọ̀sà wá, bí a bá sì ti kọjá Poka tí a ń lọ sí Ìlárá àti Mojoda, ilẹ̀ pupa àti yangí ló gba gbogbo rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà oko á di lẹ́búlẹ́bú, ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà á sì di gbágungbàgun. Bí kẹ̀kẹ́ bá kó sínú iyanrìn báyìí, ẹsẹ̀ iwájú á rì, hándù á fẹ́ máa yí fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì tẹ bíréèkì iwájú lásìkò yẹn, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀ ni táyà tó fẹ̀ tó ínǹṣì 2.3 sí 2.6, tí a dín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kù díẹ̀, kí ẹni tó ń gùn ún fa ara sẹ́yìn lórí ìjókòó, kí ó má sì dẹ́kun wíwa pẹ́dà títí yóò fi jáde. Ṣọ́kù olówó ńlá kò lè gba ènìyàn lọ́wọ́ iyanrìn rárá.

Nígbà òjò, ilẹ̀ pupa kan náà á di amọ̀. Mo ti rí i tí amọ̀ kún àárín táyà àti férémù dẹ́nu, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò lè yí mọ́, tí olúwarẹ̀ ń fi igi họ ọ́, tí ó sún síwájú díẹ̀, tí ó tún dúró láti họ ọ́. Nítorí náà, wo àlàfo tó wà láàárín táyà àti irin lẹ́yìn àti níwájú: bí ìka rẹ méjì kò bá lè wọ ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà kò yẹ fún ọ̀nà Ìlárá ní oṣù kẹfà. Eyín táyà náà gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn, kí amọ̀ lè máa já bọ́.

Ohun tí àbúrò rẹ ń gbé lẹ́yìn tún ńkọ́? Ẹni tó ń ti oko bọ̀ kò ní padà lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀gẹ́ lè wà níbẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo lè wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ní ṣọ́kù lẹ́yìn kò rọrùn láti de kẹ́ríà mọ́, ẹrù á sì máa tẹ ṣọ́kù náà mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Fún àbúrò rẹ, kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́kù rárá ni mo fara mọ́ jù lọ, kí férémù rẹ̀ jẹ́ irin gidi tó ní ihò tí a ti lè de kẹ́ríà. Bí irin bá fọ́, wẹ́dà lè jó o ní Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Férémù carbon tàbí alumíníọ̀mù kò ṣeé gbé fún wẹ́dà ojú títì.

Bíréèkì oníwáyà ni kí o rà fún un, ì báà jẹ́ ti dísìkì. Bíréèkì olómi dára, ṣùgbọ́n omi inú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: òróró mineral ni ilé-iṣẹ́ Shimano ń lò, àwọn mìíràn sì ń lo omi DOT tó jọ ti mọ́tò. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì da ti mọ́tò sí èyí tó ń lo òróró, rọ́bà inú rẹ̀ á wú, bíréèkì á sì bàjẹ́. Ta ni yóò dúró ti mẹkáníìkì láti ṣàlàyé ìyẹn?

Orí túbù náà ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Èyí tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Presta, kò bá pọ́ǹpù fọkanáísà mu. Èyí tó sanra, tí wọ́n ń pè ní Schrader, irú ti mọ́tò àti ọ̀kadà ni, gbogbo fọkanáísà láti Ẹ̀pẹ́ dé Itoikin ló sì lè fún un ní afẹ́fẹ́. Kí àbúrò rẹ máa sọ iye tí ó fẹ́ o: táyà tó fẹ̀ báyìí kò nílò ju bí psi 25 sí 35 lọ bí ẹrù kò bá sí lẹ́yìn, kí wọ́n sì fi díẹ̀ kún un bí ẹrù bá wà. Iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá wà lára táyà. Jẹ́ kí ó máa lo túbù. Oje tí àwọn kan ń dà sínú táyà tí kò ní túbù a máa gbẹ kíákíá nínú ooru.

Ní ti ẹsẹ̀, 26 ni kí o mú, nítorí pé táyà rẹ̀ ló rọrùn jù láti rí lọ́jà wa. Ṣùgbọ́n ka nọ́ńbà kékeré tó wà lára táyà dáadáa, èyí tó ń fi mìlímítà sọ bí rímù rẹ̀ ṣe tóbi tó. 26 ti kẹ̀kẹ́ òkè jẹ́ 559. 26 ti kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́, tí wọ́n kọ 26 × 1⅜ sí, jẹ́ 590, ọ̀kan kò sì lè wọ rímù èkejì láéláé. Lára 27.5, wàá rí 584. Lára 29, wàá rí 622.

Kí n tó gbàgbé: bí ó bá ń gba apá Ẹrẹ́dò kọjá, kí ó má gun orí òkìtì àti yàrà Sùngbọ́. Odi àwọn baba wa ni, ó gùn ju 160 kìlómítà lọ, ibi tí táyà bá sì ti fá a ni àgbàrá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ọ lọ.

Àfikún láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan ní Houston

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ nípa amọ̀. Ilẹ̀ Houston níhìn-ín tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan àfi àwọn gẹ̀rẹ́ kéékèèké létí omi, bí irú èyí tó wà ní Terry Hershey Park. Lẹ́yìn òjò, a kì í gun àwọn ọ̀nà yẹn títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ, nítorí pé ipa táyà á le sínú amọ̀, yóò sì ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Kẹ̀kẹ́ tí ṣọ́kù iwájú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 100 ni mo ń lò, kò sì sí ohun tó kù mí kù. Ẹni tó bá wà ní Vancouver, níbi tí gbòǹgbò, òkúta àti gẹ̀rẹ́ tútù ti pọ̀, òun ni ṣọ́kù ẹ̀yìn tọ́ sí.

Ìbéèrè láti Sheffield

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti rí tòkunbọ̀ onírin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 26, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò lára rẹ̀, báwo ni kí n sì ṣe dì í?

Èsì láti Leeds

Kọ́kọ́ nu gbogbo ìdọ̀tí kúrò lára férémù, kí o wo ibi tí irin ti pàdé irin, pàápàá lábẹ́ hándù àti níbi pẹ́dà, bóyá ó ti sán. Fi rúlà wọn ṣéènì rẹ̀: bí ó bá jẹ́ tuntun, ìdè 12 (ka ìdè inú àti ìdè òde tó tẹ̀ lé e pọ̀ sí ẹyọ kan) gbọ́dọ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 gééré láti píìnì dé píìnì. Bí ó bá ti fi ìdá kan nínú 16 ínǹṣì lé, ṣéènì náà ti tó pààrọ̀. Bí ó bá fi ìdá kan nínú 8 lé, àwọn eyín jíà ẹ̀yìn náà ti jẹ tán. Má bẹ̀rù bí jíà rẹ̀ bá jẹ́ 7 tàbí 8 lẹ́yìn, nítorí pé ṣéènì wọn nípọn, owó wọn sì kéré sí ti 12 ìgbàlódé. Gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà sókè kí o yí i. Bí ó bá ń gbò sọ́tùn-ún sósì, rímù ti wọ́ nìyẹn.

Nígbà tí o bá fẹ́ dì í, yọ pẹ́dà méjèèjì, kí o rántí pé pẹ́dà òsì ń tú sí ìhà òdì sí ti ọ̀tún. Fi túbù mẹ́rin, wáyà bíréèkì, rọ́bà tàbí páàdì bíréèkì àti ṣéènì kan sínú páálí kan náà, torí àwọn nìyẹn tí yóò kọ́kọ́ jẹ. Sọ fún àbúrò rẹ pé bíréèkì iwájú wà lọ́wọ́ ọ̀tún lára kẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba, kí ó dán an wò níwájú ilé kí ó tó gùn ún jìnnà. Kí ó má sì máa da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sí ṣéènì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: eruku á pò mọ́ ọn, á sì máa lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata. Òróró díẹ̀ tí a nù kúrò lójú ṣéènì ti tó.

Kí o tó sanwó, pe àbúrò rẹ kí ó dúró láìwọ bàtà, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó gbé ìwé líle kan sáàárín ìtan rẹ̀ títí dókè, kí ẹnìkan wọn ín láti ilẹ̀ dé orí ìwé náà. Irin òkè kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì méjì, ó kéré tán, rẹlẹ̀ sí ibẹ̀, kí ó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá dúró lójijì nínú iyanrìn. Kọ ìwọ̀n rẹ̀ àti ìwọ̀n férémù tòkunbọ̀ náà síbí, màá sọ fún ọ bóyá wọ́n bára mu.