Ilẹ̀ tó kú mọ́ wa lọ́wọ́: ẹ wá sọ tiyín

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀: Ẹ̀yin ará, mo da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí koríko má baà hù níbẹ̀ mọ́. Koríko ò hù lóòótọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà mo gbẹ́ ibẹ̀, n kò rí ẹyọ ekòló kan. Òórùn tí ilẹ̀ máa ń ní tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, kò sí. Ó dùn mí wọra.

Ewéjẹ́: Ha! Ọdún méjì?

Arẹ́mọ Oko: Òórùn yẹn, iṣẹ́ bakitéríà ni o. Streptomyces ni wọ́n ń pè wọ́n, geosmin sì ni ohun tó ń rùn náà. Tẹ́ ò bá gbọ́ ọ mọ́, àwọn tó ń ṣe é ni ò sí nílé.

Olówó-iyọ̀: Mi ò gbà. Ṣebí bakitéríà ń jẹ epo. Nígbà tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo rọ̀bì sómi Alaska lọ́dún 1989, àwọn ló jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀.

Arẹ́mọ Oko: Ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n setíkun kí wọ́n tó lè jẹ ẹ́ dáadáa, torí wọ́n nílò náítírójìn, èyí tó wà nínú epo ò sì tó wọn. Síńkì àti kọ́pà tó wà nínú ọ́ìlì àlòkù ńkọ́? Kò sí bakitéríà tó lè jẹ irin tán.

Ìyá Ẹ̀wà: Ibi tí wọ́n ti ń ṣan táǹkì oògùn apakòkòrò ni mo gbin ẹ̀wà sí. Mo hú u, mo fi èékánná la kókó ara gbòǹgbò rẹ̀: inú ẹ̀ funfun báláú. Èyí tó wà lápá kejì oko pupa bí ẹran. Pupa yẹn la fi ń mọ̀ pé rhizobium, bakitéríà inú kókó tó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà, ń ṣiṣẹ́.

Ewéjẹ́: Ìyá, ṣé kì í ṣe ajílẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀? Ẹ̀wà tó bá rí náítírójìn nílẹ̀ kì í ṣe wàhálà kókó.

Ìyá Ẹ̀wà: N kò da ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ kan síbẹ̀, ọmọ mi.

Olóyin: Oyin ló ká mi lára ní tèmi. Ìwádìí Yunifásítì Texas lọ́dún 2018 fi hàn pé glyphosate, oògùn apakoríko, ń dín bakitéríà inú ìfun oyin kù, àrùn á sì tètè pa wọ́n. Àwọn tá a ní oko pààlà ń fọ́n ọn lọ́sàn-án gangan, tí òdòdó là sílẹ̀!

Olówó-iyọ̀: Ẹ bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n máa fọ́n ọn nírọ̀lẹ́.

Olóyin: Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti lọ.

Gbẹ́lẹ̀gbẹ́lẹ̀: Mo ti ń da ewé jíjẹrà lé tèmi láti ìgbà òjò tó kọjá. Lánàá mo bù ú, mo gbé e símú. Ọ́ìlì ṣì ni.

Ìyá Ẹ̀wà: Ẹ má tíì gbin nǹkan jíjẹ síbẹ̀ o. Ẹ tún bù ú lóṣù tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa.