Yẹ̀yẹ́ máṣíìnì ti fẹ́ dìjà o, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tá a fẹ́ràn máṣíìnì n'Íbàdàn níbí, yẹ̀yẹ́ la fi ń kí ara wa. Suzuki AX100 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń gùn, two-stroke ni, ó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ bẹntiróò, èéfín ẹ̀ ò kéré, tí mo bá ti yọ báyìí wọ́n á ní "ìyá ẹlẹ́ja ti dé o", èmi náà á máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń gun Bajaj, "ẹ̀rọ ata" ni wọ́n ń pe tiẹ̀.

Àfi lọ́jọ́ Sátidé tí bọ̀ọ̀dá kan fi fọ́tò power bike tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ránṣẹ́ sí gbogbo wa, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi kanlẹ̀, ni mo bá ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ gbé àpótí ìdáná ìyàwó yín wá, kẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́". Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, bọ̀ọ̀dá ò fèsì, látìgbà yẹn wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Bọ̀ọ̀dá yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ kábúrétọ̀ o!

Ṣé kí n bẹ̀ wọ́n lójú gbogbo wọn ni àbí kí n gba ilé wọn lọ? Ìyàwó mi ní kí n gbé ọtí dání, bọ̀ọ̀dá yìí ò sì ń mutí.