Kọríkúlọ́ọ̀mù: ṣé ó ń dàgbà ni, àbí ẹnìkan ló ń lànà rẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bi wá lọ́jọ́ Ajé pé kí ni kí òun pe orí kẹta ìwé náà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ni “Ipa Olùkọ́ nínú Ìdàgbàsókè Kọríkúlọ́ọ̀mù”, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ọmọ yóò kọ́ nílé-ìwé. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kó fi “ìlànà ẹ̀kọ́” rọ́pò kọríkúlọ́ọ̀mù. Ẹlòmíràn ní “àgbékalẹ̀ ẹ̀kọ́” ló dáa jù. Ẹnì kẹta ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ohun tí tíṣà mọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà la ti ń fa kọríkúlọ́ọ̀mù mọ́ ara wa lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó wo “ìdàgbàsókè” tó jókòó sáàárín. Lójú tèmi, òun gan-an ló ba orí ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Ọmọ ń dàgbà, igi ń dàgbà, ìlú náà ń dàgbà. Ohun tó bá ń dàgbà, fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tó wà nítòsí kàn lè bomi rin ín ni. Kọríkúlọ́ọ̀mù kì í dàgbà. Ènìyàn ló ń jókòó tì í, tí wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí ọmọ yóò kọ́, èyí tí yóò ṣáájú, àti bí a ó ṣe mọ̀ pé ó ti yé e. Bí a bá ti pè é ní ìdàgbàsókè, a ti fi àwọn ènìyàn náà pamọ́, tíṣà ló sì máa ń kọ́kọ́ sọnù nínú wọn.

“Ipa” náà ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ rédíò ti sọ “kó ipa” di tiwa, n kò ní torí ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ ṣáà rántí pé bí òǹtẹ̀wé bá ṣèèṣì fi àmì kan kún un, “ipá olùkọ́” la ó bá lójú ìwé, ọmọ tó bá sì ti jẹ ẹgba rí yóò ní òdodo ọ̀rọ̀ ni. “Ọwọ́” ni èmi dábàá. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú nǹkan, olè ni wọ́n bá jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n a tún ń wo aṣọ, ká sọ pé ọwọ́ télọ̀ báyìí-báyìí ló rán an.

Ní ti kọríkúlọ́ọ̀mù, èdè Látìn ló ti wá. Eré sísá ló wà nídìí ẹ̀, àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń sá a. Ìlànà tiwa náà, ọ̀nà ló wà níkùn ẹ̀: là, ọ̀nà, lànà, ìlànà. Ti Látìn, ọ̀nà ti wà nílẹ̀, ó ku kí ẹlẹ́sẹ̀ sáré. Tiwa, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ mú àdá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ìlànà ju àgbékalẹ̀ lọ. Àgbékalẹ̀, wọ́n ti gbé e dé, wọ́n ti gbé e kalẹ̀. Kí ni ẹni tó bá a nílẹ̀ tún fẹ́ ṣe sí i?

Ẹ̀gbọ́n wa kan sọ pé ìlànà ti kún jù, pé ìlànà òfin wà, ìlànà ìkọ́ni wà. Òótọ́ ni. Ìyẹn ni mo ṣe ní ká jẹ́ kí “ọgbọ́n ìkọ́ni” dúró fún bí a ṣe ń kọ́ni, kí “ìlànà ẹ̀kọ́” lè ráyè. “Ètò ẹ̀kọ́” ò ṣeé lò, torí 6-3-3-4, bí wọ́n ṣe pín ọdún ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé yunifásítì, ti gbà á. Sikíìmù (ètò iṣẹ́ sáà), dáyárì (ìwé tí tíṣà ń kọ iṣẹ́ tó ti ṣe sí) àti lẹ́sìn nóòtù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n.

Ta ló ti mú àdá rí? Ìpàdé àpérò tí wọ́n ṣe lórí kọríkúlọ́ọ̀mù ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969 kì í ṣe ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan, òun ló sì la ojú ọ̀nà dé ìwé ìpinnu lórí ẹ̀kọ́ (National Policy on Education) tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 1977. Àmọ́ iṣẹ́ Ifẹ̀ ni mo máa ń rántí jù. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's “A”, Mọdákẹ́kẹ́, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì wá di iṣẹ́ kan lára iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n ó lò kò sí nílẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ti ìṣirò, kí wọ́n kọ ti sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ó fi kọ ọ́. Ẹni tó bá dúró níwájú ọmọ ọdún mẹ́fà nírú kíláàsì bẹ́ẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ tuntun náà wọlé tàbí kò wọlé.

Láti ìgbà tí òfin ti gbé NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀kọ́, kalẹ̀ ní 1988 (ẹ wò ó, “gbé kalẹ̀” náà nìyẹn), àwọn ni iṣẹ́ ìlànà ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn tíṣà díẹ̀ máa ń bá wọn jókòó. Àwa yòókù, a kàn máa ń bá ìwé nínú páálí ni.

Mo kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ rí. Sikíìmù tí wọ́n fún wa fi gbígbin àgbàdo sí ìbẹ̀rẹ̀ sáà kejì. Oṣù Kìíní nìyẹn, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gan bí àpáta. Mo gbé e lọ sí sáà kẹta, nígbà tí òjò ti dé, mo fi ìtọ́jú irè oko sí àyè rẹ̀. Àgbàdo àwọn ọmọ náà yọ dáadáa. Alábẹ̀wò tó wá wo dáyárì mi kò béèrè àgbàdo. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò tẹ̀ lé ìlànà. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn. Mo la ọ̀nà, ó ní n kò tẹ̀ lé ìlànà.

Nítorí náà, àbúrò, ohun tí mo fi sílẹ̀ fún orí kẹta ni “Ọwọ́ Olùkọ́ nínú Lílànà Ẹ̀kọ́”. Bí ó bá gùn jù fún olóòtú yín, ẹ yọ ohun tó bá wù yín, àfi ọwọ́.

Ó ku ọ̀kan tó ń dà mí láàmú. Nínú orí kan náà, ẹ ó dé ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ lo ìlànà tuntun ní ilé-ìwé díẹ̀, kí wọ́n wo bó ṣe rí kó tó káàkiri. “Ìdánwò” ti di ti ọmọ ilé-ìwé, “àdánwò” sì ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ máa ń da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò kó tó bù ú fún ẹnikẹ́ni. Ṣé a ò lè pe èyí ní “ìtọ́wò”? Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tó sàn jù, ó di ọwọ́ yín o.

Èmi ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì.