Ṣé kí n gba ọmọ ọ̀dọ̀ yìí?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìkòròdú là ń gbé, Márínà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago 5 ìdájí ni mò ń jáde. Bí gosiló bá mú wa lórí Third Mainland, ó di aago 9 alẹ́ kí n tó wọlé. Ìyá ọkọ mi tó ń bá mi wo àwọn ìbejì ti padà sílé. Ajẹ́ǹtì kan ní òun yóò mú ọmọbìnrin ọdún 14 wá láti Kútọnu, ọwọ́ òun ni kí n sì máa san owó oṣù rẹ̀ sí. Ọkọ mi ní kí n gbà á. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìyá Tádé: Gbà á jàre! Ìbejì kì í ṣe eré. Tèmi á ti fọ aṣọ, á ti se ọbẹ̀ kí n tó dé. Fóònù nìkan ni ìjà wa: ọmọ ń ké, òun ń wo fídíò.

Lọ́yà Àdúgbò: Ọdún 14 kẹ̀? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Mo ṣe é rí, láti ọmọ ọdún 11. Ìdúró ni mo máa ń sùn sí nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀, kànìnkànìn á wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ omi á máa ṣàn. Ìgbátí ló ń jí mi. Odidi ọdún mẹ́ta, n kò fojú kan kọ́bọ̀. Ajẹ́ǹtì ní òun ń bá mi kó o jọ. Ẹ bi ajẹ́ǹtì yín léèrè iye tó ń dé ọwọ́ ọmọ náà.

Màmá Ìjẹ̀bú: Wá àgbàlagbà tó ń ti ilé rẹ̀ wá. ₦70,000 ni mò ń san, iye tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe owó oṣù tó kéré jù ní 2024. Ó dùn mí lápò, n ò ní purọ́, ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò bá sì yá, ẹ̀yìn mi lọmọ ń wà. Àmọ́ tó bá dalẹ́, ilé wa di tiwa. Gba NIN àti onígbọ̀wọ́ méjì, kí o sì fẹsẹ̀ ara rẹ dé ilé rẹ̀.

Bàbá Rúkà: Ọkọ yín ńkọ́? Aago mélòó lòun ń wọlé?

Ìyá Ìbejì: Aago 4, sà. 😂 A ó jọ sọ ọ́ lálẹ́ yìí. Mo ti bá ìyá kan tó ń ta ògì ládùúgbò wa sọ̀rọ̀, ó ní òun á wá wo àwọn ọmọ lọ́la. Mo sọ fún ajẹ́ǹtì pé n kò ṣe mọ́, ó ti ń béèrè owó ọkọ̀.