"Ìhán" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìdádúró"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá orúkọ Yorùbá méjì ló ti wà nílẹ̀ fún irú fọ́tò tí wọ́n ń ya oníjó tàbí eléré ìdárayá bó ti ń fò láàárín ìgboro: "àwòrán arìn" àti "àwòrán ìdádúró". "Àwòrán arìn" kò ní ẹjọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, sinimá ni ọkàn rẹ̀ máa lọ sí.

"Ìdádúró" ni mo fẹ́ bá jà. Ẹni tí a bá dá dúró, ó ti ṣíwọ́ nìyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Oníjó tí à ń wí kò ṣíwọ́ o. Lọ́dún 1878, ayàwòrán kan, Eadweard Muybridge, to kámẹ́rà 12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹṣin ní Palo Alto, ní Amẹ́ríkà, ẹṣin sì ń já okùn tó ń mú kí wọ́n ya fọ́tò bó ti ń sáré kọjá. Fọ́tò náà fi hàn pé ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í kan ilẹ̀. Ta ló dá ẹṣin yẹn dúró? Kámẹ́rà ló yára.

A kúkú ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀: hán. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù, tí o fọwọ́ mú un kó tó balẹ̀, o hán an ni. Iṣẹ́ ayàwòrán gan-an nìyí, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí á pe fọ́tò náà ní "ìhán". Bí ara bá ti fò dé góńgó, kò ní lọ sókè mọ́, kò sì tíì máa já bọ̀. Ibẹ̀ ló ti rọrùn jù láti hán. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ máa ń pẹ́, nítorí náà ayàwòrán ní láti tẹ bọ́tìnì kámẹ́rà ṣáájú. Kí kámẹ́rà lajú fún ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ló sábà máa ń tó.

Ẹ̀gbọ́n kan ní bí a kò bá fi àmì ohùn sí "ìhán", wọn á kà á sí "ìhàn". Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ "ọkọ" láìfi àmì sí i, ṣé a mọ̀ bóyá ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ló ń wá?

Mo tún fara mọ́ kí "ìgboro" wà lára orúkọ náà. Àtẹ̀gùn, ògiri àti bọ́ọ̀sì ni a fi ń mọ bí ènìyàn ṣe fò ga tó. Ọkùnrin tí ayàwòrán ará Faransé, Henri Cartier-Bresson, yà ní Paris lọ́dún 1932, bó ti ń fò lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, kì í ṣe oníjó, síbẹ̀ ìhán ìgboro ni.

Nígbà tí ayàwòrán bá ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé sárésáré, tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ tí àwọn ilé ẹ̀yìn rẹ̀ di ìlà gbọọrọ, ìyẹn kì í ṣe ìhán. "Ìbárìn" ni màá pè é.

Èyí tí n kò tíì rí orúkọ fún ni ti oníjó tó dúró ṣinṣin, tí aṣọ rẹ̀ nìkan dà bí èéfín. Ẹ bá mi wá a.