Ọmọ mi ò fẹ́ sùn, ìbéèrè ló fẹ́ máa bi mí: ẹ fún mi nímọ̀ràn

Bàbá Ọmọ Méjì:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 6, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọdún 4. Èmi ni mo máa ń tẹ́ wọn sùn lálaalẹ́, n kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi. Tí wọ́n bá ti wẹ̀, tí wọ́n fọ eyín, tí mo sì pa iná, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n máa ń la ẹnu. Á di etí mi mú, á máa rọra fi ìka méjì yí i bí ẹni ń yí bọ́tìnnì rédíò, á wá bẹ̀rẹ̀: “Bàbá mi, níbo ni iná tí ẹ pa yẹn lọ?” “Ṣé ẹja mọ̀ pé inú omi lòun wà?” “Ta ló kọ́ ẹni àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ?” Mo bá dáhùn ọ̀kan, ìdáhùn ọ̀hún á bí méjì.

Ká má parọ́, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Lójú ọ̀sán, ṣe la kàn ń sáré kọjá ara wa: wọ bàtà ẹ, gbé báàgì ẹ, ṣé o ti tọ̀? Inú òkùnkùn yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ọmọ náà. Àmọ́ agogo 8 tó yẹ kó ti sùn ti di 9:30. Láàárọ̀ ọjọ́rú, mo bá a létí bẹ́ẹ̀dì, ìbọ̀sẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀, ìkejì wà lọ́wọ́, ó ti sùn lọ níjòókòó. Ìyá wọn wò mí, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kọ́mọ yìí sùn o.” Òótọ́ ló sọ.

N ò fẹ́ pa ọmọ lẹ́nu mọ́, n ò sì fẹ́ kí oorun máa jẹ ẹ́ níyà. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é?

Kí n tó gbàgbé: a rin ìrìn àjò lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Nígbà tí à ń lọ, àbúrò dorí kodò sínú ìwé àwòrán rẹ̀, kò pẹ́ ló bì sára aṣọ. Nígbà tí à ń bọ̀ lálẹ́, ẹ̀gbọ́n rí òṣùpá. “Bàbá mi, kí ló dé tó ń tẹ̀ lé wa?” Mo ní ó fẹ́ràn wa ni. Ó wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ní, “Àwọn yẹn ńkọ́, ṣé kò fẹ́ràn tiwọn ni?” Mo wá èsì tì.

Ìyá Ọmọ Mẹ́rin:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Bàbá wa. Ilé tèmi náà ti rí irú ẹ̀. Ohun tó gbà mí ni pé mo kó ìbéèrè ṣíwájú iná pípa. Ẹ tètè wẹ̀ fún wọn ní ìdajì wákàtí ṣáájú, kí ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí iná ṣì wà ní títàn, kí wọ́n bi yín ní ohun tí wọ́n bá fẹ́. Tí iná bá ti kú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yọjú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan lójú ọmọ. Tó bá ti rí i pé ìbéèrè òun ò ní sọnù, á jẹ́ kó di àárọ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn ẹ̀ láàárọ̀ o! Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọmọ mi kẹta ò fi jẹ́ kí n kọ nǹkan kan mọ́.

Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀:

Ìyá wọn jàre. Àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà sọ lọ́dún 2016 pé ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Ti àbúrò tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé wákàtí 10 sí 13 ni ti ọmọ ọdún 3 sí 4, tí a bá ka oorun ọ̀sán mọ́ ọn. Tí ẹ̀gbọ́n bá sùn ní 9:30, tí ẹ sì jí i ní agogo 6, wákàtí 8 àtààbọ̀ péré ló sùn yẹn. Abájọ tí ìbọ̀sẹ̀ fi wà lọ́wọ́.

Ní ti òṣùpá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín pé ẹ ò rí èsì fọ̀. Ó fi bí 384,400 kìlómítà jìnnà sí wa. Igi ẹ̀bá ọ̀nà wà nítòsí, ìdí nìyẹn tó fi ń sáré lọ sẹ́yìn lójú wa. Òkè tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń rọra lọ ní tiẹ̀. Òṣùpá wá jìnnà débi pé, bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ sáré fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ibì kan náà la ó ṣì máa rí i. Ẹ ní kó na ìka kan síwájú ojú, kó wá máa mi orí sọ́tùn-ún sósì. Ìka á máa fò kiri, ògiri òdìkejì ò ní fò bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àwọn Ọmọdé:

Ìwé àwòrán yẹn ló fa èébì. Etí inú lọ́hùn-ún ń sọ fún ọpọlọ pé à ń lọ, ojú tó wà lára ìwé sì ń sọ pé ojú kan la wà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò bára mu, ni inú bá dà rú. Láàárín ọdún 2 sí 12 ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ gba ìwé àti fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa wo ọ̀ọ́kán láti orí ìjókòó ọmọdé rẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ẹ sì máa dúró kó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ má fún un lóògùn láìbi dókítà.

Bàbá Àgbà:

Ìmọ̀ràn ìwé kíkọ yẹn dáa, àmọ́ ẹ má sọ ọ́ dòfin ní gbogbo alẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí kò sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kó máa béèrè títí tí oorun fúnra rẹ̀ á fi gbé e. Ọmọ mi tó máa ń bi mí nípa àrá nígbà náà ti ní ilé tirẹ̀ báyìí. Tó bá pè mí lórí fóònù, èmi ni mò ń béèrè.

Bàbá Ọmọ Méjì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Àná la bẹ̀rẹ̀. A ṣe ti ìka yẹn nígbà tí iná ṣì wà. Ó mi orí títí, ó dákẹ́, ó wá ní, “Ó ń tẹ̀ lé àwọn yẹn náà nìyẹn.” Ó dùn mọ́ ọn ju bí mo ṣe rò lọ. Mo pa iná ní 8. Ó ń fi ahọ́n ti eyín rẹ̀ tó ń mì, mo ń gbọ́ ọ kẹ́-kẹ́-kẹ́ bó ṣe ń ro èyí tó máa fi ṣe ẹyọ kan rẹ̀. Ó béèrè, mo dáhùn, mo kọ èkejì sílẹ̀.

Ni mo bá gbọ́ ohùn láti orí bẹ́ẹ̀dì kejì, àbúrò tí kì í béèrè nǹkan kan: “Ó kan èmi.”

Mo ní, “Ó yá, béèrè.”

Ó pẹ́ gan-an kó tó sọ̀rọ̀. “Bàbá mi, kí ni kí n béèrè?”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé.